Ìfọ́n Wo Ni? Bí A Ṣe Ń Ka Ìlà Ìbú àti Ìlà Òòró Lórí Máàpù Ayé

Ìfọ́n méjì ni awakọ̀ lè gbé èèyàn lọ. Ọ̀kan wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Òun ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Orolú. Òun àti Ìlobùú, tí í ṣe olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, ló fara kan ara wọn lójú ọ̀nà tó ti Òṣogbo lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Èkejì wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́, lójú ọ̀nà tó ti Ọ̀wọ̀ lọ sí Benin. Lára pátákó ọkọ̀, ìkọ̀wé kan náà ni. Ẹni tó bá sì rò pé òun yóò fi oyè ọba dá wọn mọ̀, ó kù díẹ̀ káàtó fún un, nítorí Olúfọ́n ni wọ́n ń pe ọba ìlú kìíní, Olúfọ́n náà ni wọ́n ń kọ fún ti èkejì. Bẹ́ẹ̀ bí a bá na okùn tààrà láti ọ̀kan dé èkejì, okùn náà yóò lé ní 170 kìlómítà. Ẹrù tó bá ṣìnà láàárín àwọn méjèèjì kì í tètè padà.

Nọ́ńbà méjì péré ló lè parí ọ̀rọ̀ náà. Ìfọ́n ti Ọ̀ṣun wà ní nǹkan bí 7°52′ sí àríwá àti 4°29′ sí ìlà oòrùn. Ìfọ́n ti Oǹdó wà ní nǹkan bí 6°55′ sí àríwá àti 5°46′ sí ìlà oòrùn. Kò sí ìlú mìíràn lábẹ́ ọ̀run, ì báà wà ní Ṣáínà, ì báà wà ní Brazil, tó lè bá èyíkéyìí nínú wọn pín nọ́ńbà méjèèjì yìí. Ẹ óò rí i nínú orí yìí pé kò le láti kà wọ́n, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti ṣì wọ́n kọ.

Ìlà tó dábùú, ìlà tó dúró

Ẹ ṣí máàpù ayé èyíkéyìí, ti ara ògiri kíláàsì tàbí ti inú átíláàsì. Ẹ óò rí àwọn ìlà tín-ín-rín tó dábùú rẹ̀ láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún. Àwọn ni ìlà ìbú, èyí tí olùkọ́ jọ́gíráfì ń pè ní latitude. Iṣẹ́ wọn ni láti sọ bí ibì kan ṣe jìnnà tó sí àárín ayé, yálà lápá àríwá tàbí lápá gúúsù. Ìlà agbedeméjì ayé fúnra rẹ̀ ni òdo. Ó gba São Tomé, Gabon, Uganda àti Kenya kọjá. Kò kan ilẹ̀ Nàìjíríà rárá, nítorí etíkun wa tó lọ sí gúúsù jù ti wà lókè dígíríì 4. Láti òdo yìí ni a ó máa kà títí dé 90 ní òpó àríwá, àti 90 mìíràn ní òpó gúúsù. Bí ẹ bá rí 104 níbi tó yẹ kí ìlà ìbú wà, ẹ má wulẹ̀ wá ibẹ̀ lọ. Ẹni tó kọ ọ́ ti ṣì í kọ.

Àwọn ìlà kejì dúró láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn ni ìlà òòró, longitude, wọ́n sì ń sọ bí ibì kan ṣe jìnnà tó sí ìlà òdo tiwọn, yálà sí ìlà oòrùn tàbí sí ìwọ̀ oòrùn, títí dé 180 lápá méjèèjì. Lórí pépà wọ́n lè dà bí ẹni pé wọn kì í pàdé. Lára ayé gan-an, wọ́n ń pàdé. Ẹ bó ọsàn kan kí ẹ wo ojú ibi tí awẹ́ kan ti lẹ̀ mọ́ èkejì: gbogbo ojú náà pàdé lórí, wọ́n pàdé nídìí, àárín ni wọ́n ti jìnnà síra jù. Ìdí nìyẹn tí dígíríì kan ti ìlà òòró kò fi ní gígùn kan ṣoṣo. Ní agbedeméjì ayé, ó tó 111 kìlómítà. Ní Ìfọ́n ó jẹ́ bí 110. Ní Lọ́ńdọ̀nù ó ti dín kù sí bí 69, nígbà tó bá sì dé òpó, kò ku nǹkan kan. Dígíríì ti ìlà ìbú ní tirẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ẹ máa ka 111 kìlómítà fún un níbi gbogbo.

Àyípo ayé fúnra rẹ̀ ló pinnu ibi tí òdo ti ìlà ìbú wà. Òdo ti ìlà òòró, ènìyàn ló jókòó yàn án. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1884, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè 25 péjọ sí Washington ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fọwọ́ sí i pé ìlà tó gba ilé ìwòràwọ̀ Greenwich ní Lọ́ńdọ̀nù kọjá ni kí ayé máa kà láti ibẹ̀. Ohun tó fà á kò jìnnà: máàpù òkun tí wọ́n fi Greenwich kà ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú omi ń lò tẹ́lẹ̀. Nínú gbogbo ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ní Áfíríkà, Liberia nìkan ló ní àga níbẹ̀. Faransé kò dìbò sí i, ó sì ń fi Paris ka tirẹ̀ lọ títí di 1911. Lónìí, àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé Peckham ń sùn ní apá ìwọ̀ oòrùn ìlà náà, àwọn tó ń gbé Woolwich àti Thamesmead ń sùn ní apá ìlà oòrùn rẹ̀, ìwọ̀nba wọn ló sì mọ̀.

Fífi rúlà wá ìlú

Dígíríì kan pín sí ìṣẹ́jú 60, ìṣẹ́jú kan sì pín sí ìṣẹ́jú-àáyá 60. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà dà yín láàmú. Ìṣẹ́jú ti aago kọ́ nìyí, ìwọ̀n ọ̀nà ni. Ìṣẹ́jú kan lórí ìlà ìbú jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà kan àti mítà 850. Ìṣẹ́jú-àáyá kan jẹ́ bíi mítà 31, ìyẹn ni pé ó fẹ̀ ju ilé kan lọ. °, ′ àti ″ ni àmì wọn, ní títẹ̀lé ara wọn.

Ẹ jẹ́ ká wá Ìfọ́n lórí máàpù Nàìjíríà tí kò kọ orúkọ rẹ̀. Ẹ wo etí máàpù lápá òsì, níbi tí wọ́n ti kọ 7° àti 8°. Ìfọ́n wà ní 7°52′, nítorí náà ó ti kọjá ìlà 7, kò sì tíì dé ìlà 8. Ẹ fi rúlà wọn àlàfo tó wà láàárín ìlà méjèèjì. Ká ní ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10. Ẹ pín 52 sí 60, ẹ óò rí 0.87; ẹ fi 10 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di sẹ̀ǹtímítà 8 àti mìlímítà 7. Ẹ wọn ọ́n láti ìlà 7 lọ sókè, kí ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ síbẹ̀. Ẹ wá lọ sí ìsàlẹ̀ máàpù, níbi tí 4° àti 5° wà. Ìṣẹ́jú 29 kò pé ìdajì dígíríì, nítorí náà ibi tí ẹ ń wá kò ní pé àárín àlàfo náà: sẹ̀ǹtímítà 4 àti mìlímítà 8 láti ìlà 4 bí àlàfo yìí náà bá jẹ́ 10. Ẹ fa ìlà kejì lọ sókè. Ibi tí ìlà pẹ́ńsù méjèèjì ti gba ara wọn kọjá ni Ìfọ́n. Bí ẹ bá rí Òṣogbo nísàlẹ̀ rẹ̀, tó tẹ̀ díẹ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún, tí ẹ sì rí Ògbómọ̀ṣọ́ lókè rẹ̀ lọ́wọ́ òsì, ọwọ́ yín kò ṣì.

Lórí máàpù ayé, ìlà kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Dígíríì mẹ́wàá mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí ogún ogún ni wọ́n sábà máa ń fi sí. Níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí òdo méjèèjì ti pàdé. Inú òkun ni, nǹkan bí 600 kìlómítà sí gúúsù Tema ní Ghana, níbi tí kò sí erékùṣù kankan. Gbogbo ilẹ̀ Yorùbá wà nínú àpótí tó wà lókè ibẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìfiránṣẹ́ ẹrù yẹ kó mọ ibi omi yẹn dáadáa, nítorí bí ẹnì kan bá fi àyè nọ́ńbà sílẹ̀ lófìfo nínú kọ̀ǹpútà, òdo àti òdo ni ẹ̀rọ máa ń fi dípò rẹ̀. Bí ẹ bá rí oníbàárà kan tí máàpù ní inú òkun ló ń gbé, ẹ pè é, kí ẹ béèrè àdírẹ́sì rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ má sì retí ohun tí máàpù ayé kò lè ṣe. Ní òṣùwọ̀n mílíọ̀nù 30 sí 1, mìlímítà kan dúró fún 30 kìlómítà. Èyí túmọ̀ sí pé ẹ̀kán bírò kan yóò bo Ìfọ́n, Ìlobùú, Òṣogbo àti Ẹ̀jìgbò mọ́lẹ̀ pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtóbi ilẹ̀ lórí rẹ̀ kì í fìgbà gbogbo jẹ́ òótọ́. Máàpù tí Gerardus Mercator ṣe ní 1569, tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ṣì gbé kọ́ ògiri, dára fún atukọ̀ tó fẹ́ mọ ibi tí òun ń kọjú sí, ṣùgbọ́n ó ń na àwọn ilẹ̀ tó súnmọ́ òpó. Lójú rẹ̀, Greenland àti Áfíríkà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bí ara wọn. Ní tòótọ́, Áfíríkà tó ìlọ́po mẹ́rìnlá Greenland. Nọ́ńbà etí máàpù náà kò parọ́ o; àwòrán àárín ló fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Aago yín àti oòrùn orí yín

Ẹ lè rí ìlà méjèèjì nínú àgbàlá yín láìsí máàpù. Ẹ ri igi kan mọ́ ilẹ̀ tó tẹ́jú, kó dúró ṣánṣán. Ẹ so òkúta mọ́ okùn kí ẹ fi wò ó bóyá kò fì sápá kan. Bí aago méjìlá ọ̀sán bá ti lù, ẹ máa sàmì sí ibi tí orí òjìji igi náà dé ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Òjìji yóò máa kúrú, yóò dé ibi tó kúrú sí jù, lẹ́yìn náà yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Ìgbà tó kúrú jù yẹn ni ọ̀sán gangan ní ìlú yín. Ẹ óò sì rí i pé aago ti kọjá méjìlá dáadáa.

Ohun tó fà á ni pé ìlà òòró 15 ní ìlà oòrùn ni aago Nàìjíríà ń tẹ̀lé, wákàtí kan ṣáájú Greenwich. Bẹ́ẹ̀ gbogbo Nàìjíríà pátá, títí dé etí odò Chad, ló wà ní apá ìwọ̀ oòrùn ìlà náà. Ayé ń yí dígíríì 15 ní wákàtí kan, ìyẹn dígíríì kan ní ìṣẹ́jú aago mẹ́rin. Láti ìlà 15 dé Ìfọ́n jẹ́ dígíríì mẹ́wàá àbọ̀, oòrùn sì ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 42 rìn ín. Nítorí náà, aago 12:42 ni ọ̀sán gangan ní Ìfọ́n àti Ìlobùú, ní ìṣirò gbogbogbòò. Kì í dúró sójú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin, nítorí ọ̀nà tí ayé ń gbà yí oòrùn po kì í ṣe òbírí tó pé, ayé fúnra rẹ̀ sì fì: ní àárín oṣù Kejì ó máa ń sún dé bí 12:56, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá ó máa ń padà sí bí 12:26. Ní àárín oṣù Kẹrin, ìyàtọ̀ yìí kò sí rárá. Bí òjìji igi yín bá kúrú jù ní 12:42 lọ́jọ́ náà, ẹ pín 42 sí 4, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 15, ẹ ti fi igi àti aago wọn ìlà òòró ìlú yín. Bí àwọn atukọ̀ òkun ṣe ń ṣe é nìyẹn, àfi pé wọn kò ní aago tó lè bá wọn rìn lórí omi láìṣìṣe títí John Harrison fi ṣe irú rẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí 1760.

Ìlà ìbú ní tirẹ̀ ń fi ara hàn nínú gígùn òjìji. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn máa ń dúró sí àtàrí Ìfọ́n gan-an: ní nǹkan bí ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin àti ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án. Ní ọ̀sán gangan ọjọ́ wọ̀nyẹn, igi tó dúró ṣánṣán kì í ní òjìji kankan. Ti oṣù Kẹrin ni kí ẹ máa ṣọ́, nítorí ìkùukùu kì í sábà jẹ́ ká rí oòrùn ti oṣù Kẹsàn-án. Láàárín ọjọ́ méjèèjì, òjìji ọ̀sán ń bọ́ sí gúúsù. Nínú oṣù yòókù ó ń bọ́ sí àríwá. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé, tó sì fẹ́ kí yàrá rẹ̀ tutù lọ́sàn-án, lè fi èyí pinnu ibi tí fèrèsé yóò wà.

Ẹni tó ń kírun kò nílò kí n sọ fún un pé ọ̀sán kì í ṣe aago méjìlá, nítorí ìrun Àílà kì í wọlé títí oòrùn yóò fi yẹ̀ kúrò ní àtàrí. Ohun tó yẹ kó mọ̀ ni pé oòrùn ń yẹ̀ ní Màídúgùrì ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 35 ṣáájú Ìlobùú, ní Kánò ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 16 ṣáájú. Ẹni tó gbọ́ ìpè ìrun Mọ̀ngàríbì láti Kánò lórí rédíò nínú oṣù Ramadan, tó sì ṣínu ní Ọ̀ṣun, oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ kíkọjú sí Mẹ́kà. Mẹ́kà wà ní 21°25′ sí àríwá àti 39°50′ sí ìlà oòrùn, ó sì ga ju ìlà ìbú tiwa lọ ní nǹkan bí dígíríì mẹ́tàlá àbọ̀. Nítorí náà kì í ṣe ibi tí oòrùn ti ń yọ gan-an. Bí ẹ bá kọjú sí ìlà oòrùn ní Ìfọ́n, ẹ yí bíi dígíríì 26 sí ọwọ́ òsì.

Ọ̀nà Abidjan

Ẹ̀jìgbò kò ju ogún kìlómítà lọ sí ìwọ̀ oòrùn Ìfọ́n, ó sì ti pẹ́ tí Côte d'Ivoire ti di ilé kejì fún àwọn ọmọ ibẹ̀ àti àwọn ìlú àyíká rẹ̀. Ọ̀nà tí ọkọ̀ wọn ń gbà ni ẹ̀kọ́ ìlà òòró tó dára jù tí mo mọ̀. Èkó wà ní 3°24′ sí ìlà oòrùn. Kútọnu wà ní 2°26′, Lomé ní 1°13′: nọ́ńbà ń dínkù. Ní Tema ó di òdo. Accra, tí kò jìnnà síbẹ̀, ti wà ní 0°12′ sí ìwọ̀ oòrùn, láti ibẹ̀ ni nọ́ńbà tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í ga, títí tí yóò fi dé 4°02′ sí ìwọ̀ oòrùn ní Abidjan. Ẹni tó bá ka nọ́ńbà láìka ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e yóò rò pé ọkọ̀ náà ti yí padà.

Èrò ọkọ̀ kì í mọ̀ nígbà tó bá ré ìlà Greenwich kọjá ní Tema. Ibi tó ti ń tún aago ṣe ni ẹnubodè Benin àti Togo ní Hilla-Condji, nítorí Nàìjíríà àti Benin ń lo aago kan, Togo, Ghana àti Côte d'Ivoire ń lo ti Greenwich. Ìjọba ló ń pín aago, ẹnubodè ni wọ́n sì ń tẹ̀lé. Oòrùn kò mọ ẹnubodè. Láti Ìfọ́n dé Abidjan jẹ́ dígíríì mẹ́jọ àbọ̀, ìyàtọ̀ oòrùn wọn sì jẹ́ ìṣẹ́jú 34, bí aago tilẹ̀ ń sọ pé wákàtí kan ni.

Ìlú kan tún wà níbẹ̀ tó yẹ kí ẹ fọwọ́ tọ́ lórí máàpù: Bouaké. Ó wà ní 7°41′ sí àríwá, ìyẹn ni pé ìlà ìbú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti Ìfọ́n mu. Ẹ gbé rúlà dábùú láti Ìfọ́n lọ sí ọwọ́ òsì, yóò kọjá díẹ̀ lórí rẹ̀. Ọ̀sán àti òru ìlú méjèèjì ń gùn bákan náà, òjìji sì ń sọnù nínú oṣù Kẹrin níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi tiwa.

Nínú fóònù

Fóònù kì í kọ ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá àfi bí a bá sọ fún un. Bí ẹ bá tẹ ojú ibì kan mọ́lẹ̀ lórí Google Maps fún ìgbà díẹ̀, àmì pupa yóò jáde, pẹ̀lú nọ́ńbà bíi 7.87, 4.48. Ti àkọ́kọ́ ni ìlà ìbú, ti èkejì ni ìlà òòró. Àríwá àti ìlà oòrùn kì í ní àmì; gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn ń ní àmì ìyọkúrò níwájú. Gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ àṣìṣe mẹ́ta ló wọ́pọ̀ níbẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ rí ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé èèyàn lọ.

Ẹ yí wọn padà, kí ẹ kọ 4.48, 7.87: ẹ ti bọ́ sí etí òkun Ìpínlẹ̀ Akwa Ibom. Ẹ fi àmì ìyọkúrò síwájú èyí tó gbẹ̀yìn, 7.87, -4.48: ẹ wà ní Côte d'Ivoire, ní ìlà oòrùn Bouaké. Àṣìṣe kẹta ló burú jù, nítorí kì í hàn. Ẹnì kan rí 7°52′ àti 4°29′ nínú ìwé, ó sì tẹ 7.52, 4.29 sínú fóònù. Fóònù kò ní bá a jà. Yóò mú un lọ sí ìtòsí Gbọ̀ngán, nínú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kan náà, ó sì lé ní 40 kìlómítà sí ibi tó ń lọ. Ìṣẹ́jú 52 kì í ṣe ìdá 52 nínú 100. Ìdá 52 nínú 60 ni, ẹ gbọ́dọ̀ pín in sí 60 kó tó di 0.87. Bẹ́ẹ̀ náà ni 29 ṣe ń di 0.48.

Bí nọ́ńbà bá sì ṣe gùn tó lẹ́yìn àmì ẹ̀kán (decimal point) ló ń sọ bó ṣe péye tó. Méjì lẹ́yìn àmì náà ń tọ́ka sí nǹkan bíi kìlómítà kan. Ní àárín Ìfọ́n àti Ìlobùú, èyí kò tó, nítorí ìlú méjèèjì kò jìnnà síra ju ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta lọ lórí ìlà ìbú. Mẹ́rin lẹ́yìn àmì ń tọ́ka sí bíi mítà 11, ó tó fún ẹni tó ń gbé ẹrù wá sílé. Márùn-ún jẹ́ bíi mítà kan. Mẹ́fà àti méje tí fóònù ń kọ sílẹ̀, ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Fóònù tó wà ní gbangba ìta kò sábà péye ju bíi mítà márùn-ún lọ, tí ẹ bá wà lábẹ́ páànù ó tún burú sí i. Ẹ jáde síta kí ẹ tó fi àyè yín ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni lórí WhatsApp.

Nínú ìwé sọ́fè

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló máa ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn wá sídìí nọ́ńbà yìí, pàápàá ní àgbègbè tí ìjà ààlà láàárín Ìfọ́n àti Ìlobùú ti mú kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kéde kónílé-ó-gbélé ní 2025. Èrò mi ni pé ẹ má gbé ẹrù tó ju agbára nọ́ńbà lọ lé e lórí. Ó lè sọ ibi tí ilẹ̀ wà títí dé mítà tó kẹ́yìn, kò lè sọ ẹni tó ni ín. Ẹgbẹ́ méjì lè fẹnu kò lórí gbogbo nọ́ńbà, kí wọ́n má sì tíì rí ojútùú kankan. Ọ̀rọ̀ ìtàn, ìwé àti ilé ẹjọ́ nìyẹn.

Ohun tí nọ́ńbà lè ṣe fún ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ ni kó má jẹ́ kí wọ́n fi ibòmíràn hàn án. Ẹ óò rí i pé ìwé sọ́fè kì í sábà kọ dígíríì. Mítà ló ń kọ: iye mítà láti agbedeméjì ayé lọ sí àríwá, àti iye mítà sí ìlà oòrùn, tí wọ́n ń kà láti orí 500,000 ní ìlà òòró 3. Ilẹ̀ tó bá wà ní Ìfọ́n ti Ọ̀ṣun yóò ní nǹkan bí 870,000 sí àríwá àti 663,000 sí ìlà oòrùn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìlà ìbú rẹ̀ wéré, ẹ sọ ti àríwá di kìlómítà, kí ẹ pín in sí 110.6. 870 yóò fún yín ní 7.87. Bí ìwé náà bá ní 766,000, 6.93 ni yóò jáde, ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ Oǹdó sì ni wọ́n ń tà fún yín.

Ìkìlọ̀ kan kù. Ìwé sọ́fè tó ti pẹ́ ní Nàìjíríà sábà máa ń lo ètò ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní Minna, tó ní ìpìlẹ̀ rẹ̀ nítòsí ìlú Minna. Fóònù ń lo WGS84, tí í ṣe ti àwọn sátẹ́láìtì. Ní àgbègbè tiwa, ibì kan náà lè fi nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mítà yàtọ̀ lórí ètò méjèèjì. Nítorí náà bí ẹ bá gbé fóònù dúró ti òpó sìmẹ́ńtì tí sọ́féyọ̀ rì mọ́lẹ̀, tí nọ́ńbà rẹ̀ kò bá ti inú ìwé mu, ẹ má tíì pariwo pé wọ́n ti hú òpó náà. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ìwé bóyá wọ́n kọ Minna tàbí WGS84 síbẹ̀. Bí wọn kò bá kọ ọ́, ẹ ní kí sọ́féyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ kọ ọ́ sí i, kó sì bá yín yí nọ́ńbà náà sí ètò tí fóònù ń lò, kí ẹ tó san kọ́bọ̀.